Àmì Inú Aago Ọkọ̀

Kò-Padà ni wọ́n ń pe bàbá tó ń tún aago ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá aago òun ò ní í kú mọ́, á ní, "Aago tí mo bá ti fọwọ́ kàn kì í padà wá." Ọ̀kan ṣoṣo ló padà rí, ó sì ti ní àlàyé fún ìyẹn: ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹni jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, ló mọ aago ọkọ̀ jù. Kò-Padà ló ni aago ògiri àti aago ọwọ́. Lọ́sẹ̀ kan, aago ọkọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì wọlé pọ̀, iṣẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ni wọ́n bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pé oṣù kan tí dókítà tó ni ọ̀kan fi gbé tiẹ̀ padà wá, ó ti kú pátápátá. Kò-Padà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ẹ̀gbọ́n ló tú aago náà wò, ló dé e padà, ló ní kí dókítà má bínú, òun á tún un ṣe. Dókítà ò gbà. Ó gbé aago rẹ̀ lọ, ó sì ròyìn wọn káàkiri. Nígbà tí Kò-Padà gbọ́, kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ẹni tó bẹ̀bẹ̀? Ó ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ó sì gé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń dá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Kò-Padà ò tiẹ̀ pé ogún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí olùkọ́ kan wa ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé kan wá síwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àfi aago iwájú ẹ̀," ni olùkọ́ wí. "Dókítà tó tà á fún mi ní ó ti kú tipẹ́, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú."

Kò-Padà wo ọkọ̀ náà dáadáa, ó rẹ́rìn-ín. "Má ṣèyọnu. Mo mọ ẹni tó pa á."

Ó já wáyà bátìrì, ó tú síkúrù méjì, aago náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Aago irú èyí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yí. Bí sípírìngì rẹ̀ bá ti tú tán, irin wẹ́wẹ́ méjì á kan ara wọn, iná bátìrì á ta á padà, kọ́ọ̀, á sì tún máa lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Epo ò gbọdọ̀ dé ojú irin méjèèjì. Bó bá débẹ̀, iná á jó o di èédú, aago á kú. Ẹni tó mọ aago ọkọ̀ mọ èyí. Aláago ògiri ni kì í mọ̀ ọ́n, torí gbogbo ohun tó bá ń mira níwájú rẹ̀ ló ń fún lépo.

Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago náà, èédú ti bo irin méjèèjì.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àna mi," ni Kò-Padà wí, ó sì yí inú ìdérí náà síta kí olùkọ́ lè rí àmì. Inú ìdérí ni aláago kọ̀ọ̀kan máa ń ha àmì tirẹ̀ sí. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ òbìrí róbótó kan. Ilà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ yìí, ti Kò-Padà ni.

Ó fi pépà tí wọ́n fi ń ha irin nu èédú náà kúrò, ó fi wáyà kan bátìrì, aago ní kọ́ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Olùkọ́ ń yọ̀. Kò-Padà mú ọ̀bẹ kékeré kan. Bó bá ha ìdérí náà lẹ́ẹ̀mejì péré, ilà mẹ́ta á pòórá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Gbé mi dé ibì kan ká tó dè é," ó wí.

Ìdí fèrèsé nílé rẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀gbọ́n, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò-Padà gbé aago àti ìdérí rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣe é. Mo fi epo sí i."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo rí àmì ẹ lọ́jọ́ tí mo tú u."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún ẹ. Mo ní kí n jẹ́ kínú ẹ dùn fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ epo." Ó dá aago náà padà fún un. "Ọjọ́ kẹta lo kó irinṣẹ́ mi síta."