Irọ́ Tí Mo Pa Níwájú Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ẹnu ara mi kó mi sí. Ẹ̀yin ará Ìjokù mọ̀ pé obì ni mò ń tà, mi ò sì kàwé lọ títí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìkàwé ló ṣe èyí o. Ojo ni!

Múínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lóyún àkọ́kọ́. Ọkọ ẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, torí náà èmi ni mo fi ọ̀kadà mi gbé e lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń bi wá ní ìbéèrè, ó ń kọ ọ́ sínú káàdì. Ló bá béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wa.

Kí Múínátù tó lanu, mo ti dáhùn. Rárá o! Kò sí irú ẹ̀ nílé wa!

Irọ́ gbuu! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá Múínátù. Ibà la sọ fún ọmọ náà pé ó jẹ́. Nílé tiwa, a kì í sọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ síta, kí àwọn àna má baà sọ pé àrùn ń bẹ nídìí ilé wa. Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ń fi í pamọ́ sí? Abẹ́ ewé, nínú apẹ̀rẹ̀ obì! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn wà lórí tábìlì, ó ń wò mí. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá jẹ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, apá tèmi ló kàn. Àgbàlagbà tó ń gbé odidi àpò obì, rọ́bà lásán ló ń lé e!

Wọ́n yẹ Múínátù wò lọ́jọ́ náà, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, bíi ti gbogbo aláboyún.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ. Ó fẹ́ lọ sílé ìwòsàn kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé. Mo ní ìjókòó tó ń jókòó bá mi bó obì ló fà á, àti pé ọkùnrin ló máa bí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ojú ẹ̀ ṣú, ó ṣubú lé obì.

A sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ jáde. Oyún oṣù méje! Obìnrin ni ọmọ náà, kò ju ẹyẹlé lọ.

Dókítà, ọmọdébìnrin kan báyìí, ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ti mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ gba inú ibi ọmọ lọ bá ọmọ fún pọ̀. Ó ní ọmọ tí a bí láìtọ́jọ́, tó sì kéré báyìí, àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń gbà lè tètè le, kí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà máa ru tó bá dàgbà. Kò dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó mu ọyàn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí ẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti kékeré bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru. Ló bá tún béèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé?

Múínátù ló dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. “Kò sí, mà. Bọ̀ọ̀dá mi ti sọ fún wọn.”

Ó ń gbèjà irọ́ mi! Mo na apá mi sí dókítà. Mo ní ó wà, ara mi ló wà, òun náà ló sì pa ìyá ẹ̀.

Múínátù wò mí. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ̀? Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ń wú, ẹ mọ̀?”

Èmi tí mo mọ̀ pé obì kan tó ní kòkòrò ń ba apẹ̀rẹ̀ jẹ́, èmi ni mo fewé bo kòkòrò mọ́ ọmọ mi lára.

Ẹ̀yin ará, àìsàn ìdílé kì í ṣe àṣírí tí à ń fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Kí lẹ̀yin náà ti fi pamọ́ nílé tiyín? Ẹ sọ ọ́ níbí, bí ojú bá tiẹ̀ ń tì yín. Tèmi ti tì mí tán.

Ọmọ náà ń sanra díẹ̀díẹ̀. Múínátù ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ilé ìwòsàn, ọ̀kadà ẹlòmíràn ló ń pè.