Ikán Tó Jẹ Aṣọ Tó Fi Igi Sílẹ̀

Ère tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà gálẹ́rì náà jẹ́ páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wẹ́dà jó mọ́ ara wọn. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, wọ́n sì pè é ní "Ìyá àti Ọmọ". Mo dúró níwájú rẹ̀, mò ń wá ìyá, mò ń wá ọmọ, mi ò rí ẹnì kankan. Ìdajì ọkọ̀ ojú omi kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ láti òkè àjà, wọ́n lu ìdí rẹ̀ níhò kí iná mànàmáná lè máa yọ níbẹ̀. Ní Ajido tí wọ́n ti bí mi, gbogbo ọjọ́ ayé apẹja ló fi ń dí ihò ìdí ọkọ̀. Níhìn-ín wọ́n ń lu ihò sí i, wọ́n sì ń tà á fún ará Lẹ́kí.

Kò sí iye owó lára ohunkóhun. Káàdì kékeré kan ló wà lábẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan tó ní kí èèyàn béèrè. Lọ́jà wa ní Àgbádárìgì, ẹni tó bá ní kí o béèrè iye ọjà òun ti wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ tán kó tó dá ọ lóhùn.

Mo mọ ẹni tó ni gálẹ́rì yìí láti ìgbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan náà la ti jọ ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí òun dé láti òkè lọ́hùn-ún, èmi ni mo fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ hàn án, èmi náà ni mo sì fi ibi tí wọ́n ti ń ra ọ̀dà hàn án. "Àǹtí, ẹ ṣé, Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín." Kò pẹ́ rárá tó fi di ọ̀gá mi. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ṣàlàyé pé ọkùnrin ni, ó ní ìdílé tó ń bọ́. Èmi náà ní ìdílé tí mò ń bọ́ nígbà náà, ọkọ mi sì wà lára àwọn tí mò ń bọ́. Ọ̀gá àgbà yẹn ti kú. Mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ipò kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwòrán ìyá mi ni.

Mo ya ìyá mi sórí aṣọ nínú ilé ààrò rẹ̀, níbi tó ti ń yan ẹja ṣáwá. Kò jókòó fún mi. Ó ní ẹja kì í dúró de àwòrán. Bó ṣe ń yí ẹja lórí wáyà ni mo ń yà á, èéfín ń ta á lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ṣíji bo iwájú orí, ó fún ojú kan pọ̀, ó sì ń fi èmi tí mò ń fi ọ̀dà ṣòfò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ mú, mo sì mú un. Nígbà tí òṣèlú kan fẹ́ wá wo ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní ká gbé iṣẹ́ wa wá kí wọ́n fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Mo gbé àwòrán náà lọ. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wà. Nígbà tí mo ní kó dá a padà fún mi, ó gbé férémù òfìfo wá, ó sì ṣe ojú àánú.

"Àǹtí, ikán ni. Ikán ti jẹ ẹ́ tán."

Férémù igi ni. Ó ń dán. Kò sí ojú ikán kan ṣoṣo lára rẹ̀. Mo bi í pé irú ikán wo ló ń jẹ aṣọ tó ń fi igi sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àdánidá ni, òun kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò. Ọ̀gá àgbà ní kí n má torí àkísà da ilé ẹ̀kọ́ rú.

Ìyá mi kú lẹ́yìn náà. Ní ọdún kan tí òjò pọ̀, ọ̀sà kún wọ ilé wa ní Ajido, gbogbo fọ́tò tó wà nínú àpótí lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé ẹ̀kọ. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú ń ṣí kúrò lára wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tí mo ti lè rí ojú ìyá mi mọ́ àfi tí mo bá di ojú tèmi. Ẹni tó bá sì dàgbà tó mi mọ̀ pé ohun téèyàn ń rí nígbà tó bá di ojú ń dín kù lọ́dọọdún.

Ó wá di pé gálẹ́rì ṣí lójú ọ̀nà etíkun. Mo lọ wò ó láti mọ irú ìwà àrékérekè tí ọkùnrin náà tún ń hù lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Mo kọjá páìpù, mo kọjá ọkọ̀, mo wọ yàrá kejì, ìyá mi sì wà lára ògiri.

Wọ́n ti kun omijé sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyá mi tí kò kọlà rí. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kun ní dúdú títí ó fi dà bí ẹnu ẹni tó ń jẹ̀rora. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni "Omijé Adúláwọ̀". Orúkọ ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀ gan-an níbi tí mo kọ tèmi sí. Àmì pupa róbótó kan ti wà lára káàdì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé wọ́n ti ta ọjà nìyẹn.

Ó jáde wá bá mi, ó wọ agbádá funfun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ta ọ̀dà sí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ayàwòrán ni.

"Mummy! Ẹ̀yin nìyí! Ẹ ò darúgbó rárá."

"Kí ni ìyá mi ń ṣe lára ògiri rẹ?"

"Ìyá yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Ìyá gbogbo wa ni, Mummy. Ìyá Áfíríkà ni."

"Áfíríkà ò bí mi. Obìnrin yẹn ló bí mi. Àbí ikán ti pọ̀ ọ́ jáde?"

"Ikán wo nìyẹn?"

"Ìwọ náà lo sọ fún mi."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí ìgbà tí èèyàn ń mú arúgbó kọjá títì. "Mummy, ọjọ́ ti lọ lórí yín. Gbogbo ìyá tó ń yan ẹja ní Ajido ló jọra. Ẹ wá síbi ìpàtẹ wa lọ́jọ́ Sátidé. Ìyáàfin tó rà á máa wá gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹja máa wà, ẹja Ajido gan-an. Mo ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń yan án."

Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n mú fọ́tò ìyá mi wá kí a fi wé àwòrán náà. Mo sọ fún un pé ká ní mo ní fọ́tò ni, mi ò ní í wá jókòó sínú ooru ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé náà láti wo ojú ìyá mi kí wọ́n tó gbé e lọ. Mi ò ní ète mìíràn.

Àwọn àlejò ti kún ibẹ̀: àwọn ará yunifásítì, àwọn ará Lẹ́kí, àwọn tó ń di ife mú bí ẹni pé ife ni wọ́n wá wò. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó di irun sẹ́yìn orí ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbàkúgbà tóun bá wo omijé yẹn, ara òun máa ń gbọ̀n. Omijé tí wọ́n fi ọ̀dà ike kùn! Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí gbogbo èèyàn káàbọ̀ ní èdè Gún, "Mì kúàbọ̀, mì kúàbọ̀," bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn obìnrin Ajido wá dé pẹ̀lú ẹja nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló ṣáájú wọn. Inú ilé ààrò ìyá mi ló dàgbà sí. Wọ́n wọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àti léèsì, wọ́n wé gèlè. Ojú ọkùnrin náà le.

"Ẹ̀yin ìyá, mo ní aṣọ iṣẹ́! Aṣọ tó ní èédú lára ni mo ní kẹ́ ẹ wọ̀ wá!"

"Ọ̀gá, a kì í wọ aṣọ ẹja lọ kí èèyàn," ni ọmọ àbúrò ìyá mi wí. "Aṣọ ìdáná ni ìyàwó yín wọ̀ wá ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó kó wọn lọ sí yàrá kejì kí wọ́n lọ tò sábẹ́ àwòrán fún fọ́tò. Ìdí tó fi pè wọ́n gan-an nìyẹn. Ó ti ta ojú obìnrin Ajido kan, ó wá lọ kó àwọn ọmọ ilé rẹ̀ wá láti dúró tì í. Ó dá a lójú pé gbogbo wọn ló jọra, kò wá sọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n lè mọ ara wọn.

Ọmọ àbúrò ìyá mi gbójú sókè. Ó gbé àwo ẹja sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá mi ní mlanmlan ilé wa, oríkì tí àwa Gún fi ń kí àgbà ìdílé. Ó ki oríkì náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ọkọ̀ wọ ọ̀sà. Àwọn obìnrin tó kù náà kúnlẹ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ki ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé fóònù sókè. Wọ́n rò pé wọ́n san owó rẹ̀ mọ́ ìpàtẹ náà ni. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí bí ẹni tó kọ́ wọn.

Wọ́n ki mlanmlan tán, wọn ò dìde. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri. Láàárín wa ní Ajido, bí àwọn ọmọbìnrin ilé bá bá àgbà wọn nílé olónílé tí ara rẹ̀ kò dá, wọn kì í jà, wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á jókòó títí onílé á fi yọ̀ǹda rẹ̀ kó bá wọn lọ.

"Àǹtí," ni ọmọ àbúrò ìyá mi pè mí, "ta ló gbé Ìyá wá síbí?"

"Bi ọ̀gá."

"Ta ló ṣá a lójú?"

"Bi ọ̀gá náà ni."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà ń wí, "àwọn àlejò fẹ́ ya fọ́tò."

"Ìyá ò tíì dìde," ni wọ́n dá a lóhùn.

Ìyáàfin tó ra àwòrán náà sún mọ́ wọn, ó ń di báàgì rẹ̀ mú. "Ṣé wọ́n mọ obìnrin yẹn ni?"

"Àṣà ni, mà. Wọ́n ń bọlá fún iṣẹ́ ọnà ni."

Ó wo àwọn tó jókòó, ó wo ògiri. "Ohun tí àwọn àgbà ń kúnlẹ̀ kí, mi ò lè gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi. Ẹ má bínú." Èékánná ara rẹ̀ ló fi ṣí àmì pupa yẹn kúrò. Ó ń wá ibi tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì páìpù jẹnẹrétọ̀. Mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin wa fa àwo ẹja mọ́ra, wọ́n ń jẹ ẹja wọn. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Mummy, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Obìnrin Ajido ni wọ́n," ni mo wí. "Gbogbo wọn ló jọra. Mi ò mọ èwo ni kí n bá sọ̀rọ̀."

Ó dìde. Ó tẹ ẹsẹ̀ kọjá láàárín wọn, ó gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó sì nà án sí mi. "Ẹ máa gbé e lọ. Kò ṣeé tà mọ́." Mo dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kó ife jọ.

Nílé, mo fi òwú bọ sípíríìtì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀dà ike tí wọ́n kùn lé ọ̀dà olóròóró tó ti gbẹ fún ogójì ọdún kì í lágbára. Omijé náà bọ́ bí èèpo. Dúdú ẹnu rẹ̀ bọ́. Ẹ̀rín jáde láti abẹ́ rẹ̀, ojú tí èéfín ń ta náà jáde, ìyá mi sì tún ń wò mí bó ṣe ń wo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní í fún un ní ẹja jẹ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, kò fi búrọ́ọ̀ṣì kọlà. Ọ̀bẹ ló fi fá a, kó lè jinlẹ̀, kó lè dà bí òótọ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó gé aṣọ náà dé òdì kejì.

"Ẹ dí i, Àǹtí," ni ọmọ àbúrò ìyá mi wí, "kí ojú Ìyá lè pé."

Mo lè dí i. Mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tó gé e lọ. Mo kọ̀ ni. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kọjú sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí àlejò tó wọlé tí kò bi mí pé ta ló ṣe Ìyá báyìí. Mo máa ń dá wọn lóhùn: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ìlú tó ti wá. Inú ìwé yìí nìkan ni mi ò ti dárúkọ rẹ̀.