Kábà Ọlọ́sàn Zipporah

Zipporah kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣọ ń dààmú. Yẹ̀rì dúdú tó ń gbálẹ̀, búláòsì funfun, bàtà pẹlẹbẹ: bí ẹ bá ti rí i lọ́jọ́ Ajé, ẹ ti rí i dé ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́kọ́jà ló ti ń ṣiṣẹ́, fáìlì kì í sì í wo ẹsẹ̀ èèyàn. Ọmọ Ìsánlú ni, nílẹ̀ Yàgbà, àdúgbò Otokiti ló ń gbé, òun ló sì máa ń fi àwọn èèyàn jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kò tíì lọ́kọ. Àwọn tó máa ń bi í léèrè ọkọ tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́, ìdákẹ́ wọn sì ń dùn ún ju ìbéèrè wọn lọ.

Ẹ má rò pé kò sí ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ọkùnrin wà. Olúṣínà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà, ó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ó ga, ó mọ́ra, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ló wá fáìlì kan wá sọ́dọ̀ Zipporah. Wọ́n rí fáìlì náà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí kò yéé wá a.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń jẹ ẹja létí odò ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Bí ẹ̀rọ amúnáwá Zipporah bá bàjẹ́, Olúṣínà ní í tún un ṣe. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ ni, kò ní orúkọ mìíràn. Àmọ́ kò sọ ọ́ rí pé kí Zipporah bá òun lọ kí ìyá òun ní Kàbà. Bí Zipporah bá darí ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀, Olúṣínà á tẹjú mọ́ ẹja inú àwo bíi pé ẹja náà ni wọ́n bi ní ìbéèrè. "Ìyá mi," á ní, "kì í ṣe ẹni tí à ń yọ sí lójijì." Ó ti mú obìnrin kan lọ síbẹ̀ rí. Ìyá da ìbéèrè bo ọmọbìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi sá lọ, tó gbàgbé àpò ọwọ́ rẹ̀, kò sì padà wá gbé e títí dòní.

Zipporah mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin lè fẹ́ràn rẹ títí. Bí kò bá tíì mú ọ délé, ìta lo ṣì wà. Ó ń dun obìnrin yìí. Ó ń dùn ún gan-an ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Zipporah yà kí Mọ̀ríámọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Old Market. Ìlọrin ni àwọn baba Mọ̀ríámọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ ní Lọ́kọ́jà débi pé Hausa ló fi ń ná ọjà, Nupe ló fi ń ṣàwàdà, Yorùbá ló sì fi ń búni. Aṣọ obìnrin tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ ló ń tà. Zipporah kò tíì fìdí kan àga tí ojú rẹ̀ fi lọ sókè ilẹ̀kùn, níbi tí kábà kan rọ̀ sí. Aṣọ búlúù ni, wọ́n wá ya ọsàn sí gbogbo ara rẹ̀, ọsàn tí wọ́n là sí méjì, tí ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ na ahọ́n sí.

"Irú kábà wo lèyí?" ni Zipporah béèrè.

"Mídì ni wọ́n ń pè é," ni Mọ̀ríámọ̀ wí. "Kò gùn, kò kúrú. Kò dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì fi orúnkún hàn. Ó kàn fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé o ní ojúgun ni."

"Èmi! Kí n máa gbé ojúgun kiri!"

"Inú fáìlì lo fẹ́ máa fi í pamọ́ sí? Wọ̀ ọ́ jàre!"

Ó wọ̀ ọ́. Ó yí lẹ́ẹ̀kan níwájú dígí, kábà náà sì yí tẹ̀lé e. Ó tún yí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ìyẹn náà tún ń pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn ẹsẹ̀ tó ti ń bò láti ìgbà tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ rèé, wọ́n dára, kò sẹ́ni tó sọ fún un!

"Kai!" Mọ̀ríámọ̀ pàtẹ́wọ́. "Wallahi, Zipporah, o máa dá ìjà sílẹ̀ nílùú yìí!" Ó yọ fóònù rẹ̀, ó yà á ní fọ́tò. Zipporah ra kábà náà, ó sì gbé e mọ́ra délé bí ọmọ tuntun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀ látọ̀dọ̀ Olúṣínà. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, láìsí àmì lórí, nítorí ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò kò ní fi àmì ṣòfò:

Mo fe ri e ninu kaba osan lola.

Zipporah kà á. Ó tún un kà. Mo fẹ́ rí ẹ nínú Kàbà, ọ̀sán, lọ́la.

Kàbà! Ilé ìyá rẹ̀! Lọ́la! Ó fò sókè, ó tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́kẹ́ẹ̀tì yí dànù, ó ń jó nínú omi. Aládùúgbò rẹ̀ lu ògiri: "Sístà, ṣé kò sí nǹkan?"

"Nǹkan wà o!" ni Zipporah kígbe. "Nǹkan ńlá wà!"

Kò pe Olúṣínà padà láti béèrè bí yóò ṣe débẹ̀ tàbí ẹni tí yóò mú un lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan péré, ọkùnrin náà lè yí ọkàn padà. "Mo ti gbo," ló fi dá a lóhùn, òun náà kò fi àmì sí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò mọ̀. Mọ̀ríámọ̀ ti gbé fọ́tò yẹn sójú WhatsApp rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí i. Olúṣínà, tó bá bàbá Mọ̀ríámọ̀ wọn ilẹ̀ nígbà kan, ní nọ́ńbà Mọ̀ríámọ̀ lọ́wọ́, ó sì rí i. Ó wo fọ́tò náà títí tíì tó ń mu fi tutù. Lẹ́yìn náà ló kó gbogbo ìgboyà tó ní láyé jọ, ó tẹ̀ ẹ́ pé: Mo fẹ́ rí ẹ nínú kábà ọsàn lọ́la. Létí odò ni o, níbi ẹja tí wọ́n máa ń jẹ. Ẹ ṣáà ń sọ pé àmì orí ọ̀rọ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n ní kó wọ ẹ̀wù wá jẹ ẹja ti ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé ìyá ọkọ!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Zipporah ró ìró, ó tú u. Ó mọ̀ pé ìró àti bùbá ló yẹ ká wọ̀ lọ síwájú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ó tún un ró, ó tún un tú. Kábà náà ń wò ó látorí ìṣó. "Bí wọ́n bá máa lé mi," ló wí fún ara rẹ̀, "kí wọ́n lé mi nínú ohun tó wù mí." Ó sì wọ̀ ọ́.

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà rí i lókèèrè. "Orange madam! Front seat dey for you!" Zipporah jókòó síwájú bí ìyàwó gómìnà. Nígbà tí wọ́n dé Òbàjánà, tírélà kún ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ń rá pálá, ọkàn rẹ̀ ti ṣáájú wọn dé Kàbà. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja sórí itan na ọrùn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, ibo lẹ ń lọ tí ẹ dára báyìí?"

"Ilé ọkọ mi," ni Zipporah wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀, ó gba ẹnu ìyá ẹlẹ́ja, gbogbo ọkọ̀ sì ń ṣàdúrà fún un, àwọn tó ń sùn pàápàá jí wá ṣe àmín.

Ní Kàbà, ó sọ fún ọlọ́kadà pé ilé ìyá Olúṣínà tó ń wọn ilẹ̀ lòun ń lọ. Ọlọ́kadà wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ìyá náà tẹ́lẹ̀?"

"Rárá."

"Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín," ló wí, ó sì tẹná.

Ìyá jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Obìnrin kékeré ni, ó gbẹ, ojú rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Zipporah fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú iyanrìn, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lágbègbè wọn.

"Okun o, mà."

"Okun o." Ọwọ́ ìyá kò kúrò nínú ẹ̀wà. "Ta ló la gbogbo ọsàn yìí sí ọ lára?"

"Bí wọ́n ṣe ya aṣọ náà nìyẹn, mà."

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé aṣọ ló tán mọ́ télọ̀ lọ́wọ́?"

"Rárá, mà. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé ló dé yẹn."

"Hùn. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Zipporah lorúkọ mi, mà, ọmọ Ìsánlú. Bọ̀ọ̀dá Olúṣínà ló ní kí n wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mi ní Kàbà lọ́sàn-án òní."

Ọwọ́ ìyá dúró. "Olúṣínà tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Olúṣínà tèmi, ló la ẹnu, ló ní kí obìnrin máa bọ̀ nílé?"

Ìyá dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. "Ìyá Elisha!" Ó ń ké sí aládùúgbò rẹ̀ lókè odi. "Ìyá Elisha, ẹ jáde wá wò ó! Òkúta ti fọhùn!"

Kí a tó ṣẹ́jú, agbo ilé ti kún. Wọ́n yí Zipporah sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Ọ̀kan fọwọ́ kan ọsàn, ó gbé ọwọ́ náà sí imú bóyá yóò ta sánsán. Wọ́n se iṣu. Ìyá wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì wo, iṣẹ́ wo, ta ni baba ńlá rẹ̀, kí ló fi ogójì ọdún ṣe? Zipporah ń dáhùn bí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù. Ayọ̀ ti gba ibi tí ẹ̀rù ì bá jókòó sí.

"Ṣé o mọ iyán gún?"

"Mo mọ̀ ọ́n gún, mà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin sì ń wo ara wọn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nílé náà. Zipporah gbé ọmọ odó. Mídì dára fún iyán gígún ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kì í wọ́lẹ̀, kì í há ni lẹ́sẹ̀. Ó ń gún un, gbogbo ọsàn ń fò sókè sódò, àwọn obìnrin ń kọrin tì í.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kan ti wọ ọbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Níbo lo wà?" ni ohùn Olúṣínà wí. "Ẹja ti tutù."

"Ẹja wo? Mo ti wà ní Kàbà."

Nẹ́tíwọ̀kì ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. "Mo mọ̀ pé o wà nínú kábà. Ibo ni ìwọ àti kábà náà wà?"

"Kàbà ni mo wí! Ìlú yín! Iwájú ìyá yín ni mo jókòó sí!"

Ohùn Olúṣínà ti kéré. "Zipporah, ẹ̀wù ni mo kọ. Kábà ọlọ́sàn tí mo rí lórí fóònù Mọ̀ríámọ̀. Mo ní kí o wọ̀ ọ́ wá jẹ ẹja ni."

Gbogbo orin àwọn obìnrin, gbogbo àmín inú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ wó lu Zipporah lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò pè é. Ó ti ru ara rẹ̀ wá sílé onílé, ó ti gún iyán wọn, ó sì ti fẹ́ràn wọn, ìyẹn ló burú jù. Ojú tì í débi pé omi ti lé sí i lójú. Ó fi òkèlè sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ kà. Wọn ò ní kí n wá." Ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

Ìyá kò wò ó. Ó gbé fóònù. "Olúṣínà."

"Mà."

"Obìnrin tó wà níwájú mi yìí, kí ló jẹ́ sí ọ?"

Zipporah dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Ó ti retí ìdáhùn yìí létí odò lọ́sàn-án Sátidé tí kò lóǹkà, ní báyìí tó fẹ́ gbọ́ ọ, ó fẹ́ di etí.

"Òun ni mo fẹ́ fi ṣaya, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò mú un wá?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, mà."

Ìyá Elisha fi etí ìró bo ẹnu. Ìyá gba bàtà lọ́wọ́ Zipporah, ó fi í sábẹ́ àga ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó padà jókòó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fóònù.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́, o ò wá. Ẹni tí a ò pè ló wá, ó sì ti gún iyán. Ìyàwó wa ti délé, Olúṣínà. Ìwọ nìkan là ń retí."