Oorun Tí Mo Sùn Lórí Ìforíkanlẹ̀

Oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní mo kàn sùn lórí ìrun ni, ǹ bá bá Ọlọ́hun yanjú ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Irọ́ tí mo pa nígbà tí wọ́n jí mi, òun ni ìwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìrun àlàásárì ni, ní mọ́sáláṣí tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa, lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Mo ti gbé Bàbá mi jókòó sórí àga wọn lẹ́yìn pátápátá, mo wá dúró ní sàfù ìkẹyìn, ìlà tó gbẹ̀yìn, níwájú wọn gan-an. A forí kanlẹ̀. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹní tuntun ṣe sàráà fún mọ́sáláṣí ni, ẹní tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí òórùn túràrí ń jáde lára ẹ̀. Lèmọ́mù gbórí sókè, gbogbo èèyàn gbórí sókè. Èmi ò gbé tèmi. Wọ́n parí ìrun, wọ́n sálámà, wọ́n ka tẹ̀sùbáà, wọ́n ṣe àdúà, èmi ṣì wà níbi tí mo wà, iwájú orí nílẹ̀, ìdí lókè. Nígbà tí mo máa lajú, àgbàlagbà mẹ́ta ló yí mi ká. Ọ̀kan ti gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń wò ó bóyá mo ṣì ń mí.

"Ṣé kò sí o?" ló bi mí.

Gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tutù. Itọ́ oorun ni. Àwọn rò pé omijé ni. Mo rí i lójú wọn pé àánú mi ti ń ṣe wọ́n, ojú sì tì mí láti ba àánú tó dára bẹ́ẹ̀ jẹ́, ni mo bá ní, "Bàbá mi ni mo ń bá bẹ Ọlọ́hun."

"Sùbúhánàlláhì!" Ọ̀kan nínú wọn fi etí agbádá nu ojú. Wọ́n yíjú wo Bàbá lórí àga. Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀ngàríbì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Àfáà sunkún fún bàbá ẹ̀ lórí ìforíkanlẹ̀ títí kò fi mọ ìgbà tí wọ́n sálámà.

Ẹ ò ní ṣàìbi mí pé kí ló gbé irú oorun bẹ́ẹ̀ wá lójú ọ̀sán.

Àfáà ni Bàbá mi. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó ń wọ agbádá ńlá kiri àdúgbò wa lónìí ló ti jẹ pàṣán wọn rí nílé kéwú. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ṣàdéédéé kọ̀ láti gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ahọ́n wọn wúwo díẹ̀, àmọ́ kò dákẹ́. Ẹni tó bá ti kéwú lọ́dọ̀ wọn sì mọ̀ pé ahọ́n yẹn ta ju pàṣán lọ. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n kó oògùn fún wa, wọ́n ní kí ìdílé máa mójú tó wọn.

Ìdílé náà ni èmi yìí.

Ìyàwó mi ń ta ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà. Òun ló ń se oúnjẹ Bàbá, òun ló ń fọ aṣọ wọn, kò ṣe ọ̀lẹ rárá. Àmọ́ ìyàwó ilé kì í rí ìhòòhò bàbá ọkọ. Nítorí náà, wíwẹ̀ di tèmi. Yíyí wọn lórí ibùsùn kí ara wọn má bó, tèmi ni. Gbígbé wọn lọ sílé ìgbẹ̀, tèmi ni. Àlùwàlá ìrun márààrún náà ńkọ́? Mo ní, "Bàbá, àwọn àfáà ní aláìsàn lè fi yẹ̀pẹ̀ ṣe táyámọ́mù." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé omi ti tán ní Ìlọrin ni?" Mo gbé búútà, mo lọ pọnmi.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sílé, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi gbà pé ó rọrùn fún mi. Màá rán aṣọ díẹ̀, màá sáré délé lọ yí Bàbá, màá padà, màá gbàgbé ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Mo rán ṣòkòtò kan báyìí, ẹsẹ̀ kan là, mo ti rán ẹnu ìkejì pa. Ìyàwó mi gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ kan ni oníbàárà yín ni?"

"Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ lọ sùn."

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò mi kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó ń wa kẹ̀kẹ́. Ibi tí yàrá tiẹ̀ parí sí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún, ó sanra, ohùn ẹ̀ ń dún bíi fèrè kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n máa gba àárọ̀ Àlàmísì àti Jímọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin náà ẹ máa sinmi."

"Ìwọ tí o ń wa kẹ̀kẹ́ bọ́ sí kòtò lójúmọmọ, Bàbá ni o wá fẹ́ jù sílẹ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ ò lẹ́nu, Ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá di Bàbá mú lódì, ẹ rò pé wọ́n á dákẹ́?"

Òótọ́ ló sọ. Mo ṣì lé e lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tèmi náà: ẹ̀rù ló ń bà mí. Ojo ni mí láti kékeré. Tí aáyán bá fò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jáde nínú yàrá, kí n tó máa pe àwọn ọmọ. Ohun tí mo ń rò lọ́kàn mi ni pé ọjọ́ tí mo bá yẹ̀yìn lọ sùn ni málàíkà tó ń gba ẹ̀mí máa yọjú, bí ẹni pé èmi ni mo ti ń dábùú ọ̀nà fún un látọjọ́ yìí. Èmi kẹ̀! Tí málàíkà bá yọ lóòótọ́, abẹ́ ibùsùn Bàbá ni wọ́n á ti fà mí jáde. Mo sì tún ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn: wọ́n á ní mo ti gbé bàbá mi jù fún oníkẹ̀kẹ́.

Irọ́ tí mo pa ní mọ́sáláṣí wá sọ ẹrù kan di méjì. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe àpẹẹrẹ, ibo ló ti fẹ́ lanu sọ pé ó rẹ òun? Àwọn tó ń wá kí Bàbá á jókòó, wọ́n á bi wọ́n léèrè ara, wọ́n á wá kọjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, àlùjánnà ti di tìẹ." Ẹnì kankan ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ká tiẹ̀ ní wọ́n bi mí, màá ní mo ti yó bámú.

Ó dé ibi pé wọ́n ń wá gba àdúà lẹ́nu mi. Obìnrin kan gbé wárá wá, ó ní kí n bá òun bẹ Ọlọ́hun fún ọmọ òun tó fẹ́ ṣèdánwò. Mo gba wárá, mo tẹ́wọ́, mo ṣàdúà, ojú mi ń pa dé láàárín "àmín" kan sí èkejì. Àánú mi tún ṣe obìnrin náà. Nígbà tó lọ tán, Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún wọn sínú abọ́, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Wárá àdúà yìí dùn," wọ́n ní.

Mi ò fọkàn sí i.

Nígbà tó yá, mo gbé Bàbá padà lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ wọn lápá, ó wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru, ó ní ó ti ń dára. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà, ẹ na apá."

"Èmi kọ́ ni mò ń ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì."

"Mo mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, sà. Ẹ na apá."

Mo nà án. Ó wò ó, ó tún un wò. Tèmi ga ju ti Bàbá lọ. Ó ní ṣé mò ń sùn? Mo ní dáadáa. Ó wo ojú mi. Ó ní kí n wá ẹni tí á máa gbà mí, kí n sùn, kí n jẹun lásìkò, kí n sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kí dókítà lè rí mi. Mo tẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní, "Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Bàbá mi gbọ́." Bàbá nìyẹn níwájú wa, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Òrùlé ni wọ́n ń wò.

Mi ò wá ẹnì kankan, mi ò sì padà lọ. Ẹ̀rù pé nǹkan ń ṣe mí wá kún ẹ̀rù pé nǹkan á ṣe Bàbá. Mo kó méjèèjì pọ̀, mo ń gbé wọn kiri.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tó àkókò láti fá orí Bàbá. Wọn kì í fẹ́ kí irun yọ lórí wọn lọ sí Jímọ̀. Mo gbé wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi aṣọ ìnura yí wọn lọ́rùn, mo ho ọṣẹ sí wọn lórí, mo já abẹ tuntun. Oòrùn àárọ̀ rọra ń ta sí wa lára. Mo fá ọ̀tún tán, ó ń dán. Mo bọ́ sí òsì. Mo rántí pé mo gbé abẹ sókè etí wọn.

Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ kan tó gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ni, ọwọ́ tó ń na pàṣán láyé ijọ́un. Ó le gírígírí. Abẹ wà lẹ́bàá etí wọn, kò tíì kàn wọ́n. Mo ti sùn lóòró bí ẹṣin.

"Gbé e sílẹ̀," wọ́n ní.

Mo gbé e sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń wo etí yẹn. Gbogbo bí mo ṣe ń ṣọ́ málàíkà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo mú abẹ lọ́wọ́.

Bí àbúrò mi oníkẹ̀kẹ́ ṣe jáde nìyẹn, ó fẹ́ kí wọn kó tó lọ síṣẹ́. Ó rí orí tó dán lápá kan, tí ọṣẹ ń ho lápá kejì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Háà! Ẹ̀gbẹ́ kan la fá? Ṣé fáàrí tó lòde nìyẹn?"

"Dúró síbẹ̀," Bàbá ní. Wọ́n kọjú sí mi. Ohùn ilé kéwú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ohùn tí mi ò gbọ́ látìgbà tí ara wọn ti ṣe bẹ́ẹ̀. "Ìwọ. Tí àlùwàlá lèmọ́mù bá bàjẹ́ lórí ìrun, kí ló máa ṣe?"

Ọmọ kékeré ilé kéwú mọ èyí. "Á fà sẹ́yìn, Bàbá. Á fa ẹnì kan síwájú láti sàfù àkọ́kọ́."

"Ìrun ńkọ́? Ó bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Ẹni tó bọ́ síwájú á gbà á níbi tí tàkọ́kọ́ bá a dé."

"Tó bá wá ní ojú ń ti òun, òun ò ní fà sẹ́yìn?"

"Á ba tiẹ̀ jẹ́, á ba tàwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́."

"Oorun ńkọ́? Ṣé ó ń ba àlùwàlá jẹ́?"

Àbúrò mi bá mi dá wọn lóhùn láti ibi tó dúró sí: "Èyí tó bá wọra ń bà á jẹ́, Bàbá."

"Èyí tó ń hanrun ńkọ́? Lórí ìforíkanlẹ̀? Lórí ẹní tuntun?"

Mo gbójú sókè. "Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Ta ló wà lórí àga lẹ́yìn rẹ? Àwọn yẹn ń sunkún, èmi ń gbọ́ ìhanrun."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Wárá ń wọlé."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín tó fi di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde, ẹkún gidi lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá ò dá a dúró. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi àgbọ̀n júwe omi fún àbúrò mi.

"Fọ ọwọ́ rẹ, mú abẹ. Bó o bá ti gé mi, o máa gbọ́."

Mo ṣe bí ẹni fẹ́ dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ n kàn parí èyí tó kù—"

"Ta ló ní o ò ṣe dáadáa? Àlùwàlá rẹ ló bàjẹ́. Fà sẹ́yìn, lọ sùn, kí o tún un ṣe, kí o wá bá wa ní sàfù."