Áńpù Ńlá Tí Mo Tà fún Ìyá Tèmi

Ìyá Tèmi kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọlé. Ó ti kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Bronx fi ń kó aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù wa ní Fordham Road. Áńpù gìtá tí mo tà fún un lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ló wà nínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ ìbora bò ó bí aláìsàn. Tèmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú gìtá lẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún. Mo sọ nínú ara mi pé, Láńre, wọ́n ti mú ọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Gìtá oníná kò fi bẹ́ẹ̀ lóhùn fúnra rẹ̀. Áńpù ló ń gba ohùn rẹ̀, tó ń gbé e sókè, tó sì ń tú u jáde láti inú sípíkà. Kí n tó dé New York, gìtá ni mo ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ábẹ́òkúta, lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, áńpù tó bá ti ń kùn ti bàjẹ́ nìyẹn, àá gbá a létí títí yóò fi dákẹ́. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́ yìí, mo yọ áńpù tuntun kan tó ń kùn kúrò níwájú oníbàárà tó ń dán an wò, mo sì lẹ bébà mọ́ ọn pé kò dára mọ́. Rubén, ọ̀gá mi, ará Puerto Rico, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fi bọ́tìnnì kan hàn mí tó ń jẹ́ géènì, òun ló ń mú kí ohùn há. Ó ní nítorí kíkùn yẹn gan-an ni àwọn tó ń lu métàlì, orin gìtá líle aláriwo nì, ṣe ń wá sọ́dọ̀ wa.

Métàlì ni Tèmi ń lù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, áńpù kékeré kan ló nawọ́ sí, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní kò ju páálí bàtà lọ. Irú bàtà tí wọ́n ń rà fún ọmọ nílé wa, tí ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀ nínú rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà tó o, irú áńpù bẹ́ẹ̀ ló fẹ́. Àlòkù ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì kan sì wà ní kọ̀rọ̀, iye kan náà ni pẹ̀lú kékeré yẹn, nítorí kò sí ará ilé alájà tó fẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Mo sọ fún Ìyá Tèmi pé ó mọ ọjà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Irú áńpù bẹ́ẹ̀ kò ní yọ ohùn gidi àfi tí ẹ bá ṣí i dáadáa. Tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á máa ké bí ẹ̀fọn. Nílé wọn ní Morris Heights, Tèmi ṣí i díẹ̀ péré, ni ará òkè bá ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì gbì, ará ìsàlẹ̀ ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì àwọn onílé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn arúgbó ló ń tọ́jú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ní tí lẹ́tà mìíràn bá wá, gìtá yẹn máa kúrò nílé òun. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Túsìdeè la wà yìí, Sátidé ni báńdì kan níléèwé máa dán Tèmi wò bóyá wọ́n á gbà á.

"Bọ̀dá Láńre, ẹ sọ fún mi pé mo mọ ọjà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

Mo ní rárá, mà, ẹ̀bi mi ni. Mo ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ń gbé lábẹ́ wọn. Títí dòní, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Rubén gbà ká pààrọ̀ rẹ̀, a sì gbé ńlá náà sílẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́. Mo gbé áńpù kékeré ọjọ́sí wá, mo ki hẹ́dífóònù bọ ihò ara rẹ̀, mo yí géènì sókè, mo sì fi hẹ́dífóònù sí Tèmi létí. Nígbà tó lu gìtá, táá-táá okùn lásán la gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà là.

"Ọ́ńkù, òun nìyí."

Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí. Ìyá Tèmi ní kò tíì parí. Ó ní ìgbà tí òun ò gbọ́ nǹkan kan, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé orin lọmọ òun ń kọ́, pé kì í ṣe fíìmù ló ń wò lórí fóònù? Mo wá lọ mú okùn kékeré kan tó ń sọ ihò kan di méjì, mo mú hẹ́dífóònù kejì, Ìyá Tèmi sì rọra fi í lé orí gèlè rẹ̀. Kò sí àga, ló bá jókòó lórí áńpù ńlá. Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí áńpù yẹn ṣe láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní eré burúkú. Ìyá rẹ̀ fajú ro bí ẹni tó gbé jogbo mì. Mo nawọ́ láti dín ohùn rẹ̀ kù, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ìyá yìí ló ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, kò sì pẹ́ tí mo fi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ka orin nílẹ̀. Nígbà tí Tèmi dáwọ́ dúró, ìyá rẹ̀ yọ hẹ́dífóònù kúrò létí kan, ó kọjú sí mi.

"Orin yìí burú, Bọ̀dá Láńre. Ó burú gan-an."

Ojú Tèmi wálẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá hẹ́dífóònù padà sétí, ó na ìka sí gìtá.

"Ibi tó yí yẹn, o sáré jù níbẹ̀. Tún un lù."