Ẹyẹ Tó Ń Wúkọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síta. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Àjọ kan tí kì í wá èrè ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ka ẹyẹ, wọ́n ń wádìí ibi tí ẹyẹ ń gbé àti ohun tó ń pa wọ́n run. Pé wọn ò wá èrè yẹn, kì í ṣe àsọdùn o. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀.

Mi ò ní kí ọkùnrin má fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ sùúrù, Ọlọ́run ò sì bù ú fún un rárá. Á bi mí pé kí la máa jẹ, kí n tó lanu, ó ti dá ara ẹ̀ lóhùn: "Ìrẹsì. Ó dáa." Ẹni tí ò lè dúró kí ìyàwó ẹ̀ fèsì, òun ni wọ́n ní kó lọ máa dúró de ẹyẹ.

Ẹyẹ wo gan-an? Ẹyẹ bíńtín kan tó ń sá pamọ́ sínú koríko gíga ní àbàtà ẹ̀yìn ìlú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí i gbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà fẹ́ da yanrìn dí àbàtà náà, òfin sì ní bí ẹyẹ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú máa jókòó lé e ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ mi ò sùn dáadáa mọ́. Àbàtà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, níbẹ̀ ló ti gba ohùn ẹyẹ náà sínú ẹ̀rọ, ohùn yẹn náà ni wọ́n sì ń lò títí dòní.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá a: wọ́n á fi sípíkà kékeré gbé ohùn ẹyẹ náà jáde, wọ́n á pa á, wọ́n á wá dákẹ́. Bí ẹyẹ bá wà nítòsí, á rò pé àlejò kan fẹ́ gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́, á fèsì. Èèyàn méjì ló ń lọ, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ odò, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè, koríko tó ga ju orí lọ wà láàárín wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ tan sípíkà pọ̀ ni, kí wọ́n sì jọ pa á, kí ẹnì kan má baà gbọ́ sípíkà ẹnì kejì kó pè é ní ẹyẹ.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é, Lékeléke ni ọkọ mi sọ ọ́, torí ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ pálọ̀ mi, ó ń jó.

"Ìyàwó, ó dáhùn! Lékeléke náà gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ tiẹ̀!"

Ọ̀gá àgbà wọn kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹyẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n tún lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Orúnkún ọkọ mi wú, èmi ni mo wa ọkọ̀. Ẹ̀fọn fẹ́ gbé mi lọ. Mo páàkì síbi tó ga díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo ṣí fèrèsé.

Ohùn ẹyẹ dún lápá rélùwéè, lọ́dọ̀ ọkọ mi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òmíràn dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Kí n má purọ́, ara mi yá gágá. Ẹyẹ ẹ̀gbẹ́ odò wá wúkọ́. Ó wúkọ́, ó tún ha ọ̀fun.

Orí mi ò! Mo mọ ikọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń sùn láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ikọ́ tí ọkọ mi wú nígbà tó ń gba ohùn yẹn sínú ẹ̀rọ, òun ló ń jáde nínú sípíkà Lékeléke. Sípíkà tọkọ mi, kì í tíì débi ikọ́ tó fi ń pa á, torí kò ní sùúrù. Torí kò ní sùúrù náà ló ṣe ń tan tiẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Bó bá tan tiẹ̀, Lékeléke á gbọ́ ẹyẹ. Bí Lékeléke bá tan tiẹ̀, òun náà á gbọ́ ẹyẹ.

Mo wọ inú ẹrẹ̀ lọ bá a tìbínú-tìbínú. "Dádì, ara yín lẹ̀ ń dá lóhùn!"

"Irọ́ ni!"

A pe Lékeléke wá. Mo sọ sí i létí pé kó tan sípíkà ọwọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ọkọ mi. Ó tàn án. Ẹ̀rín bo ojú ọkọ mi: "Ẹ gbọ́ ọ! Òun nìyẹn!" Ìgbà tó rí i pé ọwọ́ ọmọ náà lohùn ti ń jáde, ẹ̀rín yẹn pòórá. Àwọn ẹyẹ wẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí wáyà iná lókè wa, wọ́n ń fi ohùn tín-ín-rín ṣe ariwo bí ọmọ iléèwé.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Mo ní, "Àwọn náà ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àwọn wo?" ló bi mí.

Mo nawọ́ sí wọn. Ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Lékeléke wolẹ̀.

"Mo ti fura sí etí wọn, mà," ló sọ. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀gá mi."

Ẹ gbà mí! Gbogbo wọn ń dákẹ́ níbi tí kò yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ohùn sípíkà nípọn, ọkọ mi ń gbọ́ ìyẹn. Ohùn ẹyẹ gidi tín-ín-rín, kò gbọ́ ọ mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí.

Ọkọ mi pe ọ̀gá àgbà lórí fóònù. Ìyẹn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Èmi gan-an gbè é lẹ́yìn. Mo ní bó bá sọ ọ́, àbàtà lọ, iṣẹ́ lọ, ojú á sì tì wá ní gbogbo ìlú. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára sípíkà ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dìde níwájú ìgbìmọ̀. "Sípíkà wa la gbọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò tẹ̀ lé ìlànà. Etí mi ò sì gbọ́ ohùn ẹyẹ mọ́."

Alága ní, "Ṣé ẹyẹ ò sí níbẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, sà. Adití ni wọ́n rán lọ gbọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́yà àwọn akọ́lé rẹ́rìn-ín jù. Inú bí mi débi pé mo dìde dúró, àfi ìgbà tí ẹnì kan fà mí jókòó. Alága bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì wá ẹyẹ náà. Kí àjọ lọ wá a bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má da yanrìn títí wọ́n á fi parí. Ọ̀gá àgbà gbà á, ó ní Lékeléke àti ẹlòmíì tí etí ẹ̀ ń gbọ́ dáadáa ló máa lọ.

Nígbà tá a dénú ọkọ̀, ọkọ mi ní, "Kí ni alága sọ?"

Kò gbọ́ ọ. Mo pariwo ẹ̀ sí i létí, gbogbo ẹ̀, títí dórí ẹni tó máa lọ. Ó mi orí. "Ó dáa," ló sọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wá yíjú sí fèrèsé.

Omi bò mí lójú, mi ò rí títì mọ́, mo bá ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Inú ṣì ń bí mi sí i, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti tán. Ẹyẹ kan bà sórí ògiri níwájú wa, ó ń la ẹnu.

"Kí ló ń sọ?" ló bi mí.

Ó dúró. Kò dá ara ẹ̀ lóhùn. Èmi tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ sú, mo fẹnu ṣe é fún un, tìí-tìí-wìrì, pẹ̀lú gèlè lórí, àwọn tó ń kọjá sì ń wò mí. Mo sún mọ́ etí ẹ̀, mo ṣe é kó nípọn. Ó di ojú, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.