Ọdún Iléyá Tí A Ti Ilẹ̀kùn

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé fíríìsà ni mo fi ń mọ̀ pé Iléyá ti súnmọ́. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìkàrẹ́ nìyẹn, títún fíríìjì àti fíríìsà ṣe, òun náà ni mo ṣì ń ṣe títí di òní. Àwọn ènìyàn á fi ti wọn sílẹ̀ ní igun ilé fún oṣù mélòó kan, wọ́n á kó aṣọ àti ìwé àwọn ọmọ lé e lórí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, kálukú á rántí pé ẹran ń bọ̀. Wọ́n á wá máa pè mí láti Arigidi, láti Ọ̀bà, láti ẹ̀yìn ọjà, wọ́n á máa bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo fa gáàsì inú rẹ̀ mu. Kò sí àsìkò kankan nínú ọdún tí owó ń wọlé fún mi tó ìgbà náà. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú irọ́ tí mo pa fún bàbá mi.

Àwọn ọmọ wa jẹ́ méjì nígbà náà. Èyí obìnrin ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Wọ́n ti rí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan tó wà ní Ìbàdàn lórí fóònù ìyá wọn, wọ́n rí kẹ̀kẹ́ gàgàrà kan tó ń gbé ènìyàn yípo lọ sókè, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń já ṣòòròṣò wọ inú adágún. Èmi fúnra mi ni mo la ẹnu mi pé tí wọ́n bá ṣe dáadáa nílé ìwé, màá mú wọn débẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa. Ọdún kan kọjá, wọ́n tún ṣe dáadáa, mo tún ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó dé ìgbà kan tí èyí obìnrin ò bi mí léèrè mọ́, ó kàn máa ń gbé káàdì ìdánwò rẹ̀ sí orí tábìlì níwájú mi, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú máa ń tì mí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọgbà náà gbé ìpolówó jáde pé lásìkò ìsinmi Iléyá, owó ọmọ kan ni ọmọ méjì máa fi wọlé. Bí mo ṣe rí i ni inú mi dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ń gbé Ìbàdàn, ó ní a lè sùn ní pálọ̀ òun, nítorí náà owó òtẹ́ẹ̀lì ti kúrò níbẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí a ò ní náwó lé. A ò ní ra oúnjẹ lọ́nà, ìyàwó mi á se ìrẹsì àti dòdò sínú kúlà. A ò ní ra omi tútù, èmi tí mo ní fíríìsà àwọn oníbàárà mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé yìnyín ló máa wọ́n mi? Mo gbọ́ pé ọmọ tí kò bá ga kọjá ibì kan ń sanwó tó kéré sí i, ni mo bá gbé tépù tí mo fi ń wọn rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, mo fi wọn ọmọ mi ọkùnrin láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, mo sì pàṣẹ pé sálúbàtà pẹlẹbẹ ni kó wọ̀ lọ. Kí n má parọ́, mo gbádùn ìwé kékeré yẹn ju ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo ń rìn káàkiri Ìkàrẹ́ bí ọ̀gá olóṣèlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò ìlú.

Síbẹ̀ náà, owó náà ò tíì tó. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè yọ kúrò ni àgbò.

Ọ̀kà ni ilé bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń ṣe Iléyá. Ọmọ tó bá ti ní agbára á fa àgbò tirẹ̀ wá, a ó jọ lọ sí Yídì, a ó jọ dé, a ó jọ dú ẹran, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gbé itan kan fún Bàbá látinú ẹran tirẹ̀. Bàbá ò ní eyín tó lè bá itan mẹ́rin jà, ó máa ń pín in fún àwọn opó àdúgbò kí ọjọ́ tó lọ ni. Àmọ́ ó fẹ́ràn kí a máa gbé e fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ṣe àdúà gígùn fún ẹni tó gbé e wá.

Ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un, mo gbé ọkọ̀ mi sí ìsàlẹ̀ òkè, mo fẹsẹ̀ gòkè lọ, kó lè dà bíi pé ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fi èèpo iṣu bọ́ àgbò tirẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sin àgbò náà. Mo ní, "Bàbá, lọ́dún yìí, nǹkan ò fararọ. Mi ò ní lè ra àgbò. Ọkọ̀ náà ò sì dáa, Ìkàrẹ́ la ti máa kírun."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ò lọ ni?"

"Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà ò sanwó."

"Kò burú. Ọlọ́run ò sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí kò ní." Ó da èyí tó kù nínú èèpo náà sílẹ̀, ó wá rọra bi mí pé, "Ṣé àwọn ọmọ ń rí oúnjẹ jẹ?"

Mo ní wọ́n ń rí i jẹ. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, ìbéèrè yẹn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó lè mú mi padà. Mo sọ fún ara mi pé ìdùnnú àwọn ọmọ náà jẹ́ iṣẹ́ láádá. Mo tún sọ fún ara mi pé ọdún tó ń bọ̀, àgbò méjì ni màá fà wá. Mo ní ọ̀rọ̀ rere tó pọ̀ láti sọ fún ara mi nígbà yẹn.

Ó ku ọjọ́ méjì sí Iléyá nígbà tí a gbéra. Mo ti kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé fọ́tò kankan ò gbọdọ̀ dé orí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Mo pe àwọn ọmọ jọ, mo ní bí Bàbá àgbà bá bi wọ́n, a ò lọ sí ibì kankan. Èyí ọkùnrin ní, "Ṣé ká parọ́ ni, Dádì?" Mo ní kì í ṣe irọ́, àṣírí ilé ni. Ìyàwó mi wò mí, ó ń bá ẹrù dídì lọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti bí ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ náà ti ń ròyìn Ìbàdàn fún gbogbo ojúlé. Kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n má sọ fún aládùúgbò.

Ọjọ́ Àráfà la wọ ọgbà náà. Mi ò gbààwẹ̀, mo ní arìnrìn-àjò ni mí. Ibẹ̀ dùn, mi ò lè tàn yín. Ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn bí n kò ṣe rí i kó rẹ́rìn-ín rí, ẹ̀rín tó ń fi ọwọ́ di ikùn mú. Sálúbàtà pẹlẹbẹ ṣiṣẹ́, yìnyín mi ò sì yọ́ títí di ọ̀sán. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin, a tò sídìí kẹ̀kẹ́ gàgàrà náà. Orin ń dún lókè, àwọn ọmọdé ń pariwo, fóònù mi wá ń gbọ̀n lápò. Mo yọ ọ́. Bàbá ni.

Mo wo ìpè náà títí ó fi dákẹ́. Bí mo bá gbé e, orin yẹn á tú mi fó. Ó tún pè, mo tún wò ó. Ọmọ mi obìnrin na ọrùn, ó rí i. Ó ní, "Dádì, Bàbá àgbà ń pè yín." Mo ní màá pè wọ́n padà. A gun kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé wa lọ sókè débi tí a ti ń rí òrùlé Ìbàdàn lọ salalu, mo sì di irin mú, n kò rí nǹkan kan.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo sá lọ sínú ọkọ̀ wa níbi tí a gbé e sí, mo gbé gíláàsì rẹ̀ sókè pátápátá, mo wá pè é. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ni, abẹ́ fíríìsà kan ni mo wà nígbà tí ẹ pè."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹran kan ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ọ̀kà ló wà.

Ó ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí iṣẹ́ pa ẹ́. Bá mi kí àwọn ọmọ."

Ọjọ́ kẹta Iléyá la padà dé Ìkàrẹ́. Mo bá ìgbẹ́ ẹran àti èèpo iṣu gbígbẹ ní fàráńdà wa, wọ́n so okùn kékeré kan mọ́ irin ojú fèrèsé. Mo bínú gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ta ló sọ iwájú ilé mi di ọgbà ẹran. Màmá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jáde wá pẹ̀lú ọwọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má bínú, mo ní kí n gbá a, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Àgbò bàbá yín ni."

Mo ní, "Bàbá tèmi?"

"Àwọn náà ni. Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má baà máa wo ọwọ́ ẹlòmíì lọ́jọ́ ọdún. Mo sọ fún wọn pé ẹ ti lọ sí Ìbàdàn, pé àwọn ọmọ ní ẹ lọ ṣeré ní ọgbà. Mo gbé omi fún wọn, wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀. Wọ́n jókòó síbí yìí pẹ́ kí wọ́n tó gbé àgbò náà padà lọ."

Mo bi í bóyá Bàbá sọ nǹkan kan.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ti sọ fún àwọn tẹ́lẹ̀, pé àwọn ló gbàgbé. Wọ́n pè yín, ẹ ò gbé e. Ẹ̀yin náà wá pè padà lójú mi. Wọ́n ń dá yín lóhùn, wọ́n sì ń wo ilẹ̀kùn yín."

Ìyàwó mi gba ọwọ̀ lọ́wọ́ màmá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Mo jókòó sórí fàráńdà, bóyá ibi tí Bàbá jókòó sí gan-an. Mo ronú nípa rẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó di okùn àgbò mú níwájú ilé mi, ó ń gbọ́ ohùn mi lórí fóònù pé mo wà ní Ìkàrẹ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní kí iṣẹ́ má pa mí. Ó sì bá mi parọ́ níwájú aládùúgbò mi kí ojú má baà tì mí.

A lọ sí Ọ̀kà ní ọjọ́ kejì tí a dé. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí màá sọ sí ọkàn láti Ìkàrẹ́, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n má dìde títí yóò fi bú mi. Bàbá ò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Bó ṣe rí wa ló ní kí wọ́n gbé ike kan jáde látinú ilé. Itan ẹran ni, wọ́n ti gé e, wọ́n ti dín in. Ó ní, "Èyí ni tiyín. Mo ní kí Àlùfáà dá orúkọ rẹ nígbà tí wọ́n ń dú u." Èmi ló yẹ kí n gbé itan fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, mo sì gbà á.

Ó wá fa ọmọ mi ọkùnrin mọ́ra, ó gbé ègé ẹran kan sí i lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ibẹ̀ dùn?"

Ojú mi ni ọmọ náà kọ́kọ́ wò. Mo mọ ohun tó ń wá lójú mi, ó sì yẹ kí n mi orí, kí n ní kó sọ òótọ́. N kò mi orí. Ó yíjú padà sí Bàbá, ó ní, "A ò lọ sí ibì kankan, Bàbá."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. Nígbà tí mo parọ́ fún òun tìkára rẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà, n kò rí i kó yí padà àfi ìgbà yẹn. Ó fi ọwọ́ pa orí ọmọ náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní kó jẹ ẹran rẹ̀ kó tó tutù.

Láti ọdún yẹn, mi ò tún fi Iléyá ṣe ìrìn àjò. Àgbò mi máa ń dé Ọ̀kà ṣáájú ti gbogbo ọmọ ìyá mi, itan mi ló sì máa ń tóbi jù. Ọmọ ọkùnrin yẹn ti ga jù mí lọ báyìí, ó ṣì máa ń rántí kẹ̀kẹ́ gàgàrà náà, ó ní ọjọ́ tó dùn jù nínú ìgbà èwe òun nìyẹn. Mi ò bi í rí bóyá ó rántí ohun tó sọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ti darúgbó gan-an, kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà mọ́, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò fa àgbò wá sí Ìkàrẹ́. Síbẹ̀, bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, tí fíríìsà kún ṣọ́ọ̀bù mi, á pè mí. Ibi yòówù kí n wà, bí ariwo ibẹ̀ ti lè wù kó pọ̀ tó, mo máa ń gbé e kíákíá. Á bi mí nípa iṣẹ́, á bi mí nípa ìyàwó mi, á wá bi mí pé, "Ṣé ẹ máa wà nílé lọ́dún yìí?"

Mo máa ń ní, "A máa wà nílé, Bàbá."

Á dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, á ní ó dáa.